Owó Iṣẹ́ Àlejò Tí A Ní Kí Ó Máa Lọ

Bíbélì kíkà: Númérì 20:14-21, Diutarónómì 23:3-8, Diutarónómì 24:14-22.
Àkọ́sórí: Léfítíkù 19:34. Kí olúkúlùkù kà á jáde láti inú Bíbélì rẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó kàn yìí jẹ́ èyí tí ó máa ń fa àríyànjiyàn. Ó ṣòro kí a sọ̀rọ̀ àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú láwùjọ kí ohùn má ga. Àwọn kan á ní kí ìjọba ti ẹnubodè pa, kí onílé gbé ilé rẹ̀, kí àlejò náà gbé tirẹ̀. Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run kan ló dá gbogbo wa, ta ló fa ààlà sórí ilẹ̀? Ìhà méjèèjì ló sì ní ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí kéré ju gbogbo àríyànjiyàn náà lọ, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ilé wa jù ú lọ. Bí ìjọba bá tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún àlejò pé kí ó máa lọ, kí ni a jẹ ẹ́ kí ó tó lọ?

A kò ní rìn jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Àwa Yorùbá ti wà ní ìhà méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti lé wa rí, àwa náà sì ti wà nínú ìlú tí ó lé ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n lé wa ní Gánà

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Dókítà Kofi Busia kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kó jáde. Ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ni gbèdéke. Busia yìí kì í ṣe ẹni tí kò mọ Bíbélì. Ilé ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì ni ó ti kàwé, ó sì ṣe olùkọ́ ní Wesley College ní Kùmásí. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé kèfèrí nìkan ní í ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ti wọ́n ní Gánà lákòókò náà, gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń kùn pé àlejò ti gba ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Púpọ̀ nínú àwọn tí òfin náà bá jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho. Àwọn mìíràn ti lo ogún ọdún, àwọn mìíràn ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí àwọn àgbà wọn dé ibẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń ṣàkóso ìhín àti ọ̀hún, kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin wa ń tajà ní Àkrà, ní Kùmásí, títí dé Tamale ní ìhà àríwá. Wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sin òkú síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kó bọ̀ wálé ni kò tíì fojú kan ilé náà rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa ṣírò ohun tí ọjọ́ 14 jẹ́. Ọjà wà ní ìsọ̀, ó di dandan kí a tà á, gbogbo ẹni tí ó ń bọ̀ wá rà á sì mọ̀ pé ó di dandan. Iye tí ó bá wù ú ni yóò dá. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni àwìn. Òwò wa kò lè ṣe kí a má tà láwìn, gbogbo yín mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò ní láti sá lọ síbì kankan. Kí ó ṣáà jókòó sílé rẹ̀ ni, títí ọjọ́ 14 yóò fi pé. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè tí àwọn ìyá wa fi ọdún púpọ̀ kó jọ ṣe di òfo. Òfin ìjọba kò sọ pé kí a má san gbèsè àlejò. Àwọn èèyàn ló fúnra wọn túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí a ní kí ó máa lọ, a kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan mọ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni kókó ẹ̀kọ́ wa.

Nígbà tí ó kan àwa

Ọdún 14 lẹ́yìn èyí, ó yí padà. Owó epo rọ̀bì ti pọ̀ ní Nàìjíríà láti nǹkan bí ọdún 1974, ebi sì ń pa àwọn ará Gánà nílé. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979, sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Wọ́n wọlé, púpọ̀ wọn kò sì padà nígbà tí ọjọ́ 90 pé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń tún bàtà ṣe, wọ́n ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama lákòókò yẹn yóò rántí olùkọ́ ará Gánà tí ó kọ́ yín ní ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa ní 1979 tí ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ, àwọn wọ̀nyí wà lára ẹni tí ó dí àlàfo náà.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìdìbò 1983 ń bọ̀. Rògbòdìyàn Maitatsine ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kano ní oṣù kejìlá ọdún 1980, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù sì ni olórí rẹ̀. Gbogbo ẹni tí olè jà ń sọ pé àjèjì ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shagari, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí ó ní iṣẹ́ ìmọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n fún títí di ọjọ́ 28 oṣù kejì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ti Gánà, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni tiwa. Àwọn tí ó lọ ju mílíọ̀nù kan lọ, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba Rawlings ti ti ẹnubodè Gánà pa láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Nítorí náà Tógò náà ti tirẹ̀, kí àwọn èèyàn má bàa há sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí a lé wá há sí ilẹ̀ Benin tí àwa ń pè ní Kútọnu, àwọn mìíràn há sí Sẹ̀mẹ̀ àti èbúté Èkó, tọmọtọmọ, tẹrùtẹrù, títí di ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní tí Gánà ṣí ẹnubodè rẹ̀. Báàgì onílà tí wọ́n kó ẹrù sí ni à ń pè ní Ghana Must Go títí di òní yìí. A ń fi kó aṣọ lọ síbi ìsìnkú, a ń fi kó ọjà, a kì í sì í rántí ohun tí orúkọ náà ń sọ.

Ìjọba ológun tún lé àwọn àjèjì jáde lẹ́ẹ̀kejì ní 1985.

Nígbà náà, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀, ó sì tún máa ń jáde bí a bá sọ ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n ṣe é fún wa ní 1969, a san án fún wọn ni. Ó dùn lẹ́nu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí ó ta fíríìjì rẹ̀ fún wa ní owó pọ́ọ́kú ní 1983 kì í ṣe ẹni tí ó jẹ ìyá wa ní gbèsè ní Kùmásí. Ọ̀gá tí ó mọ̀ pé bíríkìlà òun gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ́la, tí ó wá ní kí ó padà wá gba owó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò gbẹ̀san kankan fún ẹnikẹ́ni. Ó jẹ owó iṣẹ́ ni.

Kí ni Bíbélì sọ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà pé Bíbélì kò sọ pé ààlà ilẹ̀ kò sí. Nínú Númérì 20, Mósè ránṣẹ́ sí ọba Édómù pé kí ó jẹ́ kí àwọn gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ó ní àwọn kò ní wọ oko ẹnikẹ́ni, ojú ọ̀nà ọba ni àwọn yóò máa tọ̀, bí àwọn bá sì mu omi, àwọn yóò sanwó rẹ̀. Ọba kọ̀, ó sì kó ọmọ ogun jáde. Kí ni Ísírẹ́lì ṣe? Wọ́n yà kúrò níbẹ̀. Wọn kò jà, wọn kò gba inú igbó wọlé. Édómù ní ilẹ̀ rẹ̀, Ísírẹ́lì sì bọ̀wọ̀ fún un bó tilẹ̀ dùn wọ́n. Òfin kan náà ni Ọlọ́run sì fi lélẹ̀ fún onílé àti àlejò, ẹ wo Númérì 15:15-16. Àlejò náà ní láti pa òfin ìlú mọ́. Ìyá tí ó ń sọ pé kí ìjọba mọ ẹni tí ó ń wọlé kò ṣẹ̀ sí Bíbélì, kò sì yẹ kí a pè é ní aláìláàánú. Ọ̀nà igbó tí wọ́n ń gbà kó ìrẹsì wọlé náà ni wọ́n ń gbà kó ìbọn, òun náà ni wọ́n sì ń gbà kó àwọn ọmọbìnrin lọ sí ilẹ̀ Líbíà. Nígbà mìíràn, aṣọ́bodè tí ó le ni ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ tà á.

Ṣùgbọ́n ẹ wá ka Diutarónómì 23 ẹsẹ 7. Édómù yìí kan náà ni Ọlọ́run ní kí Ísírẹ́lì má ṣe kórìíra, nítorí pé arákùnrin rẹ̀ ni. Ó fi ará Íjíbítì kún un, ẹni tí ó kó wọn lẹ́rú tí ó sì ju ọmọkùnrin wọn sódò, nítorí pé wọ́n ti ṣe àlejò ní ilẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ń wá ẹsẹ tí ó dáhùn ọ̀rọ̀ “wọ́n ṣe é fún wa”, òun nìyí. Ìwà tí wọ́n hù sí wa nílẹ̀ àjòjì kò fún wa ní àṣẹ láti hu irú rẹ̀. Ìrántí rẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run fi ṣe ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ hù ú.

Nínú orí kan náà, ẹ óò rí ohun kan tí ó ṣòroó gbọ́. Ẹsẹ 3 sọ pé ará Móábù kò gbọdọ̀ wọ ìjọ Olúwa, títí dé ìran kẹwàá. Òfin ẹnubodè tí ó le nìyẹn. Orí 24 tí ó tẹ̀ lé e sì sọ pé ìtí ọkà tí olóko gbàgbé sí oko, kí ó fi í sílẹ̀ fún àlejò, ọmọ òrukàn àti opó. Ní ọjọ́ kan, obìnrin ará Móábù kan tí ó jẹ́ àlejò, tí ó tún jẹ́ opó, wọ oko Bóásì. Bóásì lè ka orí 23 sí i létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkà tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó fún un, ó tilẹ̀ ní kí àwọn ọmọkùnrin má ṣe fọwọ́ kàn án. Àwọn onímọ̀ Bíbélì lè máa bá ara wọn jiyàn lórí bí òfin méjèèjì ṣe bára mu. Rúùtù ní tirẹ̀ ti jẹun.

Èyí tí ó kàn wá jù wà ní orí 24, ẹsẹ 14 àti 15. Alágbàṣe tí ó jẹ́ tálákà, ìbáà jẹ́ arákùnrin tàbí àlejò, kí a fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé ọkàn rẹ̀ wà lára owó náà. Bí a kò bá san án, yóò ké pe Ọlọ́run, ẹ̀ṣẹ̀ yóò sì di tiwa. Mósè kò béèrè bóyá àlejò náà ní ìwé. Ọ̀rọ̀ ìwé jẹ́ ti ìjọba. Owó iṣẹ́ jẹ́ ti ẹni tí ó ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á síṣẹ́, ìjọba kankan kò sì lè fi ìkéde pa á rẹ́.

Nínú ilé tiwa

Ibi tí a ń lọ nìyí. Ta ló ń fọ abọ́ nínú ilé wa? Ní Èkó àti Ògùn, títí dé Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ló wá láti Kútọnu tàbí Tógò. Àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, láti Kétu tàbí Pọ́bẹ̀, nítorí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ló pín Kétu sí ọ̀hún tí ó pín Ìmẹ̀kọ sí ìhín. Púpọ̀ wọn kò ní ìwé kankan. Ẹnì kan ló mú wọn wá, ẹni náà ló sì máa ń gba owó oṣù wọn.

A mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá béèrè owó rẹ̀, a ó ní a ti fún ẹni tí ó mú un wá. Bí ó bá ní òun fẹ́ lọ, a ó ní kí ó dúró kí a rí ẹlòmíràn. Bí ó bá sì ń yájú, ẹnì kan nínú ilé á rán an létí pé kò ní ìwé, pé àwọn ìmígíréṣọ̀n kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kí a bẹ̀rù jù lọ. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò fẹ́ kí òfin ṣẹ, nítorí bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní gbà á síṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àìníwèé ọmọ náà ni ó fi ń jẹ owó rẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe kò le. Kí a san owó rẹ̀ sí i lọ́wọ́, tàbí kí a jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ kí ó sì gbọ́ iye tí a san fún ẹlòmíràn ní orúkọ rẹ̀. Kí a ní ìwé kékeré kan tí a ń kọ oṣù àti iye sí, kí òun náà tẹ̀ka sí i. Kí a má ṣe gba káàdì tàbí ìwé rẹ̀ pamọ́ kí ó má bàa lè lọ. Bí ó bá dé ọjọ́ tí ó fẹ́ padà sílé, tàbí tí ìjọba ní kí ó padà, kí gbogbo owó rẹ̀ pé kí ó tó dé ibùdókọ̀. (Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá ni, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn o. Ilé ẹ̀kọ́ ni ibi tí ó yẹ kí ó wà, kì í ṣe ìdí àdògán ẹnikẹ́ni.)

Àwọn ọmọ wa lókè òkun

Àwọn kan nínú wa ń gbàdúrà lójoojúmọ́ fún ọmọ tí ó wà ní ìlú òyìnbó tí ìwé rẹ̀ kò tíì tọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lọ. Ní oṣù kẹta ó kan àwọn tí ń tọ́jú arúgbó. Ó dùn wá, a sì sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kọlu àwọn ọmọ wa ní South Africa ní 2019, tí a ní láti fi ọkọ̀ òfúrufú kó àwọn kan wálé, a bínú, ó sì yẹ kí a bínú. Kò sí ohun tó burú nínú kí ìyá sunkún ọmọ rẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ìyá kan náà ronú pé ìyá kan wà ní Tógò tí ó ń sunkún lọ́nà kan náà, lórí ọmọ tí ó wà ní ilé ìdáná wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un, nítorí ó jẹ́ ti ìjọ wa. Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Láti Cape Coast, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, ni ó ti wá, William de Graft tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Freeman ti dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí à ń pè ní Omo Gánà ni ìhìnrere Mẹ́tọ́díìsì ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Fún àjùmọ̀sọ

1. Ta ló wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ìdílé rẹ̀ padà láti Gánà ní 1969? Bí ó bá fẹ́, kí ó sọ ohun tí ó gbọ́ nílé nípa gbèsè tí wọn kò san fún wọn.

2. Ẹ ka Númérì 20:14-21 àti Diutarónómì 23:7 pa pọ̀. Ǹjẹ́ a lè sọ pé kí ìjọba ṣọ́ ẹnubodè láìkórìíra ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀? Kí ẹni tí ó rò pé kò ṣeé ṣe sọ ìdí rẹ̀, kí a má sì ṣe já a lẹ́nu.

3. Bí a bá rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń jẹ owó ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀, báwo ni yóò sì ṣe sọ ọ́?

4. Kí olúkúlùkù lọ wo ilé rẹ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Oṣù mélòó ni a jẹ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún wa, ta sì ni owó tí a ti san ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?